Ṣé Omi Ilẹ̀ Yìnyín Ni Ó Wà Nísàlẹ̀ Òkun Èkó?

Ìyá kan tí ó ń gbé ní Gwarinpa, ní Abuja, ni ó kọ̀wé sí mi. Ó ní nígbà tí òun àti àwọn ọmọ òun ń bọ̀ láti Ìlá-Ọ̀ràngún lẹ́yìn ọdún Kérésì, àwọn dúró ní Lọ́kọ́jà láti wo ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé, àwọn sì rí i kedere pé omi méjèèjì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan pọ́n bí erùpẹ̀, èkejì mọ́ jù ú lọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó wà ní SS2, wá sọ pé olùkọ́ jọ́gíráfì àwọn ti sọ pé inú òkun náà kì í ṣe omi kan ṣoṣo, pé oríṣiríṣi omi ni ó tò léra wọn níbẹ̀, àti pé èyí tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá níwájú Èkó, ilẹ̀ yìnyín ni ó ti wá. Ìbéèrè ìyá náà ni pé: “Ṣé òtítọ́ ni? Bí ó bá jẹ́ òtítọ́, báwo ni omi tí kò sí ògiri láàárín rẹ̀ ṣe ń di oríṣiríṣi, báwo ni ó sì ṣe ń rìn dé ọ̀dọ̀ wa?”

Arábìnrin mi, òtítọ́ ni olùkọ́ náà sọ, inú mi sì dùn púpọ̀ pé ó sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì fi ẹsẹ̀ kan òkun rí. Ohun tí ẹ rí ní Lọ́kọ́jà jọ ọ̀rọ̀ òkun, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà. Erùpẹ̀ tí odò kọ̀ọ̀kan kó bọ̀ ni ó fún un ní àwọ̀, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ti ń ṣàn, bí wọ́n bá sì ti jọ rìn jìnnà díẹ̀ wọn a di ọ̀kan. Nínú agbami òkun, àwọ̀ kọ́ ni ó ń pín omi níyà, ojú lásán kò sì lè rí ààlà rẹ̀. Orí ara wọn ni àwọn omi náà ń gbé, bí ẹní tí a tẹ́ lé ẹní, ohun méjì ni a sì fi ń dá wọn mọ̀: bí omi ṣe gbóná tàbí tutù tó, àti bí iyọ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Omi púpọ̀ tí ó gba ooru àti iyọ̀ rẹ̀ níbì kan náà, lábẹ́ ojú ọjọ́ kan náà, ni àwọn onímọ̀ òkun ń pè ní water mass. Èmi yóò máa pè é ní ẹ̀yà omi, nítorí pé orírun rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n níbikíbi tí ó bá dé, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń fi ohùn ẹnu mọ ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó ti gbé Kàdúná fún ogójì ọdún.

Ẹ bu píọ̀ wọ́tà méjì sínú ike kan, kí ẹ sì po nǹkan bíi ṣíbí tíì mẹ́fà iyọ̀ mọ́ ọn. Ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi òkun, nítorí pé nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ ni ó wà nínú kílò kan omi òkun, bí a bá kó gbogbo òkun ayé pọ̀ tí a pín in dọ́gba. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀yà omi kan àti èkejì kéré ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Ní ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì, ìdajì gíráàmù iyọ̀ nínú kílò kan ti tó láti sọ fún wa pé omi kan wá láti àríwá, èkejì láti gúúsù. Ẹ tún ro ti táńkì onílítà 1,000 tí ó wà lórí ọ̀pọ̀ ilé ní Abuja. Bí a bá fi omi ojú òkun Guinea, òkun tí ó wà níwájú Èkó, kún un, omi inú rẹ̀ yóò wọn bíi kílò 1,022. Bí a bá fi omi tútù láti ìsàlẹ̀ òkun kún un, láìjẹ́ kí ó móoru, yóò wọn bíi kílò 1,028. Kílò mẹ́fà péré nínú ẹgbẹ̀rún kan, òun sì ni ó ń pinnu ẹni tí yóò wà lókè àti ẹni tí yóò wà nísàlẹ̀ nínú omi tí ó bo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ayé.

Mo fẹ́ kí ọmọ yín fi ojú ara rẹ̀ rí i, nítorí pé àlàyé lẹ́nu kò tó. Kí ó se ewé sóbò díẹ̀ láìfi ṣúgà sí i rárá, kí ó po iyọ̀ mọ́ ọn bí mo ti wí, kí ó sì gbé e sínú fíríìjì títí yóò fi tutù dáadáa. Kí ó wá bu omi lásán tí kò tutù sínú abọ́ onígíláàsì, kí ó rọra da sóbò náà gba ẹ̀gbẹ́ abọ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń da epo. Nígbà tí èmi àti ọmọ-ọmọ mi ṣe é ní ilé ìdáná wa ní Kubwa, omi pupa náà kò tàn káàkiri bí ọmọ náà ti rò. Ṣe ni ó yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ abọ́ lọ sísàlẹ̀ bí aṣọ tí a ń fà, ó tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, omi funfun sì dúró lé e lórí pẹ̀lú ìlà kan tí ó tẹ́jú láàárín wọn. A fi ṣíbí kan ẹ̀gbẹ́ abọ́ náà jẹ́jẹ́, ìlà náà sì ń rú bí ìgbì kékeré lábẹ́ omi, síbẹ̀ kò fọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni a rí i pé àwọ̀ pupa ti ń yọ́ gòkè. Ohun méjì ni abọ́ yẹn fi hàn wá: omi lè dá dúró láìsí ògiri, ó sì ń dàpọ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́.

Níbo wá ni omi òkun ti ń gba ooru àti iyọ̀ rẹ̀? Ojú òkun ni. Lẹ́yìn tí omi bá ti rì kọjá ibi tí oòrùn, òjò àti afẹ́fẹ́ lè dé, kò sí ohun tí ó tún lè fi kún iyọ̀ rẹ̀ tàbí kí ó dín in kù, àyàfi kí ó bá omi mìíràn pò. Nítorí náà, ohun tí ojú ọjọ́ fi lé e lórí ní ọjọ́ tí ó rì ni ó ń gbé kiri fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan.

Àwa tí a ń gbé òkè ọya kò níláti lọ jìnnà kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé wa. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé Jọ́ọ̀sì tàbí Kánò nínú oṣù Kejìlá mọ ohun tí ọyẹ́ ń ṣe sí omi. Kòròbà tí a gbé síta lálẹ́ kì í ṣeé fi bọ́jú láàárọ̀, omi inú amù a sì tutù ju afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fa omi kúrò lára ìkòkò, bí ó sì ti ń fà á ni ó ń gba ooru rẹ̀ lọ. Irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ó tutù ju ọyẹ́ wa lọ fíìfíì, ni ó máa ń fẹ́ láti orí ilẹ̀ Kánádà bọ́ sórí òkun Labrador nígbà òtútù wọn. Ó ń mú kí omi tutù, ó sì ń fa omi lọ láìmú iyọ̀ lọ, omi ojú òkun náà sì ń wúwo sí i lójoojúmọ́ títí yóò fi wúwo ju èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, tí yóò sì rì. Láàárín ọdún 1990 sí 1994, tí òtútù ibẹ̀ le gan-an, ìrìsílẹ̀ yìí kọjá 2,000 mítà. Ohun kan tún wà tí ó ràn án lọ́wọ́: omi òkun yàtọ̀ sí omi inú kànga. Omi tí kò níyọ̀ wúwo jù ní 4°C, bí ó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ ó tún ń fúyẹ́. Ṣùgbọ́n omi òkun ń wúwo sí i ṣáá ni, títí yóò fi fẹ́ dì ní nǹkan bíi −1.9°C.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí irú èyí kì í ṣẹlẹ̀ ní àríwá Òkun Pàsífíìkì, níbi tí òtútù ti le bákan náà. Iyọ̀ ni. Omi tí ó ń gòkè lọ sí àríwá Àtìláńtíìkì ti kọ́kọ́ gba ibi tí oòrùn ti mú gan-an kọjá, ibi tí ooru ti fa omi rẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ sì pọ̀. Omi ojú àríwá Pàsífíìkì kò níyọ̀ tó bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kí ó tutù tó, kò lè wúwo tó láti dé ìsàlẹ̀.

Àwọn òkun tí ó wà láàárín Greenland, Iceland àti Nọ́wè tún ń pèsè omi tí ó wúwo ju ti Labrador lọ, ṣùgbọ́n òkè abẹ́ omi sé e mọ́ bí ìdènà adágún. Ibi tí ó ti ń rí ọ̀nà jáde ni àwọn àlàfo orí òkè náà, èyí tí a mọ̀ jù nínú wọn ni Denmark Strait, láàárín Greenland àti Iceland, tí jíjìn ẹnu rẹ̀ jẹ́ bíi 600 mítà. Omi tútù náà ń gorí ìloro yìí, ó sì ń dà wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sí ibi tí ó jìn ju 2,000 mítà lọ. Ẹ ro ti táńkì onílítà 1,000 wa yẹn: nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta irú táńkì bẹ́ẹ̀ ni ó ń dà kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ó ju ìlọ́po 400 omi tí Odò Ọya ń gbé lọ sínú òkun. Ìtàkùn omi tí ó tóbi jù láyé ni, abẹ́ omi ni ó sì wà, kò sí ẹni tí ó gbọ́ ariwo rẹ̀ rí. Omi láti Labrador àti omi tí ó ń dà wálẹ̀ yìí ni ó jọ di ẹ̀yà omi kan tí a ń pè ní North Atlantic Deep Water, tí ooru rẹ̀ wà láàárín 2°C sí 4°C, tí iyọ̀ rẹ̀ sì súnmọ́ gíráàmù 35.

Èyí tí olùkọ́ ọmọ yín ń sọ wúwo ju ìyẹn lọ, ọ̀nà tí ó fi ń wúwo sì yàtọ̀. Etí ilẹ̀ Àntákítíkà, ilẹ̀ yìnyín tí ó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé, ni ó ti ń wá, pàápàá òkun Weddell àti òkun Ross. Nígbà tí omi òkun bá dì, yìnyín kì í gba iyọ̀ mọ́ra. Ó ń ti púpọ̀ nínú rẹ̀ jáde sínú omi tí ó kù lábẹ́. Afẹ́fẹ́ líle tí ó ń sọ̀kalẹ̀ láti orí ilẹ̀ náà a sì máa gbá yìnyín tuntun kúrò ní etíkun, ojú omi yóò tún ṣí sílẹ̀, yóò tún dì, iyọ̀ mìíràn yóò tún jáde. Bí ilé iṣẹ́ tí kì í sinmi ni. Omi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì, tí iyọ̀ sì ti pọ̀ sí nínú, ń kó jọ sí etí ilẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń ṣàn wálẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ òkè abẹ́ omi bí sóbò inú abọ́ wa, títí yóò fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Òun ni Antarctic Bottom Water.

Láàárín ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, àwọn mìíràn wà tí n kò ní lè sọ gbogbo wọn tán. Kì í ṣe gbogbo omi tí ó bá níyọ̀ jù ni ó ń lọ sísàlẹ̀ jù, ẹ̀rí rẹ̀ sì ni omi tí ó ń jáde láti òkun Mẹditaréníà ní ẹnu ọ̀nà Gibraltar, láàárín Sípéènì àti Mòrókò. Iyọ̀ inú rẹ̀ ju gíráàmù 38 lọ, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ tó 13°C, ó sì ń po mọ́ omi Àtìláńtíìkì bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí yóò fi dé nǹkan bíi 1,000 mítà, kò wúwo ju àwọn aládùúgbò rẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ni ó dúró sí, ó sì ń tàn lọ bí pẹpẹ. Ìlànà kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀lé: omi ń wá ìpele tí ìwúwo rẹ̀ bá mu, bí ó bá rí i, yóò yí padà láti inú rírì sínú títàn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ òkùn wálẹ̀ nínú òkun Guinea, ní ibi tí ó jìn dáadáa sí Èkó. Nígbà tí mo ṣì lágbára, mo bá ọkọ̀ ìwádìí kan lọ síbẹ̀, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fa àwọn ìgò tí a rán lọ sísàlẹ̀ gòkè. Oòrùn ọ̀sán ń jó irin ọkọ̀ débi pé a kò lè fi ọwọ́ lásán dì í mú. Ẹni tí ó ń tú ìgò ní kí n tẹ́ ọwọ́, ó sì jẹ́ kí omi tí ó wá láti ibi tí ó ju 4,000 mítà lọ kán sí mi lọ́wọ́. Ó dùn mí dé eegun. Ìgò tí ó tẹ̀ lé e, tí ó wá láti 30 mítà péré, móoru bí omi ìwẹ̀ ọmọ. Láàárín ìgò méjèèjì yẹn ni gbogbo ohun tí mò ń kọ yìí wà. Ìpele òkè, tí kì í ju 50 mítà lọ níbi púpọ̀, gbóná tó 28°C, òjò àti odò ńláńlá sì ti dín iyọ̀ rẹ̀ kù. Lábẹ́ rẹ̀, ooru ń já wálẹ̀ kíákíá, a sì ń bọ́ sínú omi tí afẹ́fẹ́ ti tì wọlẹ̀ láti ojú òkun gúúsù Àtìláńtíìkì. Ní nǹkan bíi 700 sí 900 mítà ni iyọ̀ ti kéré jù, gíráàmù 34.5 tàbí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni àmì omi tí ó rì ní agbègbè Àntákítíkà tí kò wúwo tó láti dé ìsàlẹ̀. Láti bíi 1,500 mítà, iyọ̀ tún gòkè sí bíi 34.9, àmì ará àríwá, láti Labrador àti Greenland. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ooru ti jẹ́ bíi 2°C, a bá omi Àntákítíkà tí ó ti po mọ́ ti àríwá.

Ọ̀nà tí omi ìsàlẹ̀ yẹn gbà dé ọ̀dọ̀ wa ni ó ń yà mí lẹ́nu jù lọ. Ènìyàn yóò rò pé yóò gba etí Áfíríkà gòkè tààrà láti gúúsù, ṣùgbọ́n òkè abẹ́ omi kan tí a ń pè ní Walvis Ridge nà láti etíkun Nàmíbíà sínú òkun, ó sì dí i lọ́nà. Yíyí tí ayé ń yí a tún máa ti ìṣàn ìsàlẹ̀ òkun sí apá ìwọ̀ oòrùn. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ Ajẹntínà àti Bràsíl ni omi náà gbà gòkè, nínú àwọn àfonífojì abẹ́ omi, títí ó fi súnmọ́ ìlà agbedeméjì ayé. Níbẹ̀ ni òkè gígùn tí ó pín Àtìláńtíìkì sí méjì ti là níbì kan, ibi tí a ń pè ní Romanche. Ẹnu yẹn ni omi náà gbà bọ́ sí apá ọ̀dọ̀ wa. Kì í ṣe pé ó rọra wọlé o: ó ń já bọ́ lórí àwọn ìloro abẹ́ omi, ó ń rú, ó sì ń po mọ́ omi tí ó wà lókè rẹ̀, débi pé èyí tí ó jáde ní apá ìhín gbóná díẹ̀ ju èyí tí ó wọ apá ọ̀hún.

Èyí ni ìdáhùn sí àwọn fídíò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù, tí wọ́n ń sọ pé òkun méjì pàdé tí wọn kò sì lè dàpọ̀ láéláé. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú wọn, etíkun Alaska ni wọ́n ti yà á, ibi tí odò yìnyín ti ń kó ìyẹ̀fun òkúta sínú òkun. Ọ̀rọ̀ Lọ́kọ́jà ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yà omi. Gbogbo omi ń dàpọ̀. Ìgbì abẹ́ omi àti ìṣàn tí òṣùpá ń fà ń lu àwọn òkè ìsàlẹ̀ òkun, wọ́n sì ń pò wọ́n díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ kí a ṣì lè dá wọn mọ̀ ni pé orírun wọn ń pèsè tuntun nígbà gbogbo.

Báwo ni a ṣe mọ gbogbo èyí? Ní ọdún 1751, Henry Ellis, ọ̀gá ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí a fi ń kó ẹrú, rán garawa onídèérí àti òṣùwọ̀n ooru lọ sísàlẹ̀ ní agbègbè olóoru Àtìláńtíìkì. Ojú òkun jẹ́ 84 ní òṣùwọ̀n Fahrenheit, ìsàlẹ̀ jẹ́ 53. Ó ń fi omi tútù náà mú kí ọtí rẹ̀ tutù. Ó ń ká mi lára pé ìrìn àjò burúkú bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó ṣe rí nìyẹn. Kí ọ̀rúndún yẹn tó parí, Count Rumford, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ti rí i pé irú òtútù bẹ́ẹ̀ lábẹ́ oòrùn gbígbóná kò lè wá láti ibòmíràn ju ìpẹ̀kun àríwá àti gúúsù ayé lọ, níbi tí yìnyín wà. Ní 1916, Bjørn Helland-Hansen ará Nọ́wè kọ́ wa láti ya ooru àti iyọ̀ sórí àwòrán kan ṣoṣo, kí orírun omi lè hàn lójú ìwé. Ọkọ̀ ìwádìí Meteor ti ilẹ̀ Jámánì wá gba inú Àtìláńtíìkì lọ bọ̀ láti 1925 sí 1927. Alfred Merz tí ó ṣètò rẹ̀ kú sí Buenos Aires kí iṣẹ́ tó lọ jìnnà, Georg Wüst sì fi ohun tí wọ́n wọ̀n tọ ipasẹ̀ ẹ̀yà omi kọ̀ọ̀kan láti orírun rẹ̀. Lóde òní, gáàsì tí a ń lò nínú fíríìjì àtijọ́ ti di àmì nínú omi: omi tí kò ní i rárá ti kúrò lójú òkun kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú fíríìjì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ Argo, ẹ̀rọ ìwọ̀n tí ó ń léfòó kiri inú òkun, tí ó ju 3,500 lọ, náà ń rì dé 2,000 mítà, ó ń gòkè, ó sì ń fi ooru àti iyọ̀ tí ó wọ̀n ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì ní ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá.

Ọmọ yín tún béèrè, ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà, pé bí omi bá ń rì ṣáá, kí ló dé tí omi ojú òkun kò tán. Ìbéèrè tó dára ni. Díẹ̀ nínú omi ìsàlẹ̀ ń gòkè níbi gbogbo bí ó ti ń po mọ́ omi olóoru, ṣùgbọ́n ọ̀nà ńlá tí ó ń gbà padà wà ní òkun tí ó yí Àntákítíkà ká. Afẹ́fẹ́ ìwọ̀ oòrùn tí kì í dáwọ́ dúró níbẹ̀ ń ti omi ojú òkun lọ sí ìhà àríwá, omi ìsàlẹ̀ sì ń ru sókè láti dípò rẹ̀, lára èyí tí ó ti rì ní Greenland ní ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Apá kan nínú rẹ̀ ń súnmọ́ yìnyín, ó ń dì, ó ń rì padà sísàlẹ̀. Apá kejì ń lọ sí àríwá, òjò àti yìnyín tí ó yọ́ ń dín iyọ̀ rẹ̀ kù, ó sì ń rì dé 800 mítà péré. Òun ni ó tún ń dé abẹ́ òkun Guinea, tí a bá níbẹ̀ pẹ̀lú gíráàmù 34.5 iyọ̀. Nítorí náà, nínú àwọn ìgò tí a fà gòkè lọ́jọ́ yẹn, ti 800 mítà àti ti 4,000 mítà lè jẹ́ omi kan náà tẹ́lẹ̀ rí, tí ó pín yà ní etí Àntákítíkà, tí ọ̀kan gba òkè wá, tí èkejì gba Romanche.